Ìgbẹ́ adìyẹ, omi àti ọkọ́: bí ẹ ṣe lè wo ilẹ̀ tí ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù ti bà jẹ́ sàn ní Òṣogbo

Ẹ wo ilẹ̀ wọ́kíṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Òṣogbo tó ti pẹ́ lójú kan. Ó dúdú, ó ti le gbagidi, òjò á rọ̀ sórí rẹ̀, omi ò ní ráyè wọlé, koríko ò sì ní hù níbẹ̀. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù ni ilẹ̀ náà mu yó. Bí òjò ńlá bá dé, àgbàrá á gbá èyí tó wà lókè lọ sínú gọ́tà, láti gọ́tà dé odò kéékèèké, láti ibẹ̀ dé Ọ̀ṣun.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé wò sàn láìkó o kúrò nínú ọgbà. Àwọn tó máa ṣiṣẹ́ náà ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́: bakitéríà tí ojú lásán ò lè rí, irú bíi Pseudomonas, Acinetobacter àti Rhodococcus, tí wọ́n ń jẹ ọ́ìlì, tí wọ́n ń sọ ọ́ di omi àti káríbọ́ọ̀nù dàìóṣáìdì. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé oúnjẹ ọ̀hún ò pé. Ọ́ìlì kún fún káríbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n naitirojínì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Omi ò tó wọn. Afẹ́fẹ́ ni ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, nítorí ilẹ̀ ti dì.

Ìgbẹ́ adìyẹ ló ní naitirojínì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yẹn, òun sì ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Wọ́n á da ìgbẹ́ sí i, wọ́n á bu omi lé e, wọ́n á lọ. Nígbà tó bá máa fi di oṣù kejì, ilẹ̀ á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, wọ́n á ní ọ̀nà náà ò ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ò sí. Nínú iṣẹ́ yìí, ọkọ́ ṣe pàtàkì ju ìgbẹ́ lọ. Bí kò bá sí ẹni tó máa yí ilẹ̀ náà déédéé fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ẹ kúkú fi owó ìgbẹ́ ra nǹkan mìíràn.

Ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ ti lò ó

Bakitéríà ń jẹ ọ́ìlì. Kò lè jẹ irin. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò, tí wọ́n ti ń da áásíìdì inú rẹ̀ nù, bí ẹ fi ọdún mẹ́wàá yí i, òjé inú rẹ̀ á ṣì pé síbẹ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Kì í ṣe ewé tàbí bakitéríà ni wọ́n fi tún àgbàlá wọn ṣe: wọ́n ha ilẹ̀ òkè kúrò, wọ́n sì fi ilẹ̀ tó mọ́ dí i. Ìlànà EGASPIN, tí ìjọba fi ń darí ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Nàìjíríà, ka ilẹ̀ tí òjé inú rẹ̀ bá kọjá mílígíráàmù 530 nínú kìlò kan sí ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe. Bí igun kan nínú ọgbà bá jẹ́ igun bátìrì, ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá pò ó mọ́ èyí tó kù, òjé ọ̀hún lẹ ń pín kiri yẹn.

Èkejì ni ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti wọ̀ jìnnà. Nígbà tí UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 2011 lórí ilẹ̀ Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí epo rọ̀bì ti bà jẹ́, ọ̀kan lára ohun tó bẹnu àtẹ́ lù ni irú iṣẹ́ yìí gan-an, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀: òkè ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yí, ọ́ìlì sì wà nísàlẹ̀, níbòmíràn ó tó mítà márùn-ún. Ní Nisisioken Ogale, sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ epo ni wọ́n bá tó léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Ọkọ́ ò lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bẹntiróòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Iná ló máa kọ́kọ́ fà kó tó fa nǹkan mìíràn, nítorí náà ẹ má gbẹ́ ibẹ̀, ẹ má tan ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Bí kànga àdúgbò bá ti ń rùn bẹntiróòlù tàbí díísù, ẹ dá mímu omi rẹ̀ dúró, ẹ fi tó iléeṣẹ́ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, létí. Ìyẹn ti kọjá agbára àdúgbò.

Ohun tó kù wá ni ọ̀nà yìí bá mu: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, díísù, kárósíìnì, girísì díẹ̀, tí kò tíì wọlẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ.

Kí ẹ tó da ìgbẹ́ kankan

Ẹ kọ́kọ́ dá ibi tí ọ́ìlì ti ń wá dúró. Abọ́ páànù tó fẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, fọ́nẹ́ẹ̀lì, dírọ́ọ̀mù tó ní ìdérí: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ńdẹ́mù tó mọ́ ní oníbàárà. Èyí tó bá ti wọlẹ̀ ò ní ẹni tó máa rà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi díígà gbẹ́ ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún káàkiri, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó mítà kan. Ẹ wo ògiri ihò náà nígbà tí oòrùn bá mọ́lẹ̀ sí i: ibi tó dúdú, ibi tó ti ń pọ́n, ibi tí àwọ̀ ilẹ̀ Òṣogbo ti padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ fi rúlà wọn ibi tí dúdú náà parí sí nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n yẹn lẹ máa fi mọ iye ilẹ̀ tí ẹ máa gbẹ́.

Fún àyẹ̀wò, ẹ bu ilẹ̀ níbi mẹ́wàá ó kéré tán, láti òkè títí dé sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ́, kí ẹ sì mú ìwọ̀n tí yàrá àyẹ̀wò bá béèrè nínú rẹ̀. Inú ìgò gíláàsì ni kó wà. Ọ̀rá àti ike máa ń fa ọ́ìlì mọ́ra, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi bébà àlúmínọ́ọ̀mù bo ẹnu ìgò kí ẹ tó dé e, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ní kí wọ́n wò: TPH, ìyẹn àpapọ̀ ọ́ìlì inú ilẹ̀, òjé, àti pH, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan sí. Fásitì tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ tàbí ti kẹ́mísìrì lẹ máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ní Òṣogbo tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè tààrà bóyá wọ́n ń ṣe TPH, nítorí yàrá tó ń wo ilẹ̀ fún àgbẹ̀ lè má ní ẹ̀rọ rẹ̀.

Bí TPH bá kọjá 50,000 mg/kg, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ilẹ̀ náà, ọ́ìlì ọ̀hún ti pọ̀ débi tó fi ń pa bakitéríà fúnra wọn. Ẹ ha ìpele tó dì bí ọ̀dà lókè yẹn sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀ tí kò bàjẹ́ púpọ̀ lú èyí tó kù títí á fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 30,000.

Àyẹ̀wò ojú tún wà tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Ẹ bu ilẹ̀ ìkúnwọ́ kan sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ bu omi kún un dé ìdajì, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ìpele ọ́ìlì dúdú bá léfòó, ó ṣì pọ̀ gan-an. Bí àwọ̀ bí òṣùmàrè bá ń dán lójú omi, ó ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sára ìgò náà, ẹ tọ́jú rẹ̀. Lóṣooṣù ni kí ẹ máa ṣe òmíràn kí ẹ máa tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò rọ́pò yàrá àyẹ̀wò, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ọ̀gá wọ́kíṣọ́ọ̀bù gbà pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì

Bẹ́ẹ̀dì ni ibi tí ẹ máa tẹ́ ọ̀rá sí, tí ẹ máa kó ilẹ̀ tó bàjẹ́ náà lé lórí láti wò ó sàn. Inú oṣù kọkànlá ló dáa jù láti bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Òjò ti ń lọ, ilẹ̀ ṣì rọ̀ díẹ̀ láti gbẹ́, àgbàrá ò sì ní gbé bẹ́ẹ̀dì yín lọ kó tó gbéra sọ. Omi lẹ máa fi ọwọ́ bù ní gbogbo àkókò ọyẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí ẹ bù fúnra yín ṣeé wọ̀n. Òjò oṣù keje ò ṣeé wọ̀n. Ní ti ooru, ojú ọjọ́ wa bá iṣẹ́ yìí mu ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ. Bakitéríà wọ̀nyí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín ìwọ̀n 25 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ohun tí àwọn ará Alaska, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó tutù, ò ní nígbà tí wọ́n da ajílẹ̀ sí etíkun wọn lẹ́yìn tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo rọ̀bì sí i lọ́dún 1989.

Àpẹẹrẹ tí a máa lò ni bẹ́ẹ̀dì mítà 5 ní gígùn, mítà 4 ní ìbú, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 20. Kó má ga ju 30 lọ: ọkọ́ ò ní dé ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì máa rùn.

Ẹ tẹ́ ilẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì máa wà dọ́gba, kó dà díẹ̀ sí apá kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 láti orí dé ìdí. Ẹ fi amọ̀ mọ ìgànná kékeré yí i ká, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sí i, kó gun orí ìgànná náà, kó má sì ní ihò kankan. Bí ọ̀rá méjì bá pàdé, kí ọ̀kan gun èkejì tó ìdajì mítà. Orí ọ̀rá yẹn lẹ máa da yanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 sí, kí ọkọ́ lè máa bá yanrìn pàdé kó tó kan ọ̀rá. Àwọn tó fo yanrìn yìí máa ń gún ọ̀rá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn ò sì ní mọ̀ títí ọ́ìlì á fi wọ ilẹ̀ tuntun.

Ní ìdí tó dà sí, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ ẹ, kí omi tó bá jò lè máa rọ sínú rẹ̀. Omi yẹn ni kí ẹ máa bù padà wọ́n bẹ́ẹ̀dì. Tí ó bá ṣeé ṣe, páànù mélòó kan lórí òpó mẹ́rin á gbà yín lọ́wọ́ òjò; bí kò bá ṣeé ṣe, tapólì tí ẹ lè fà bò ó lálẹ́ àti nígbà tí òjò bá ṣú náà tó. Ẹ má fi tapólì bò ó tọ̀sán-tòru. Ó fẹ́ mí.

Ẹ wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò, ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tó ń ta eruku. Ọṣẹ ni kí ẹ fi wẹ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kì í ṣe bẹntiróòlù bí àwọn ọmọ mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe.

Ìgbẹ́ adìyẹ mélòó?

Níbí ni ìṣirò wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì yẹn gba kíúbíìkì mítà mẹ́rin ilẹ̀, ìyẹn tó tọ́ọ̀nù 5.6. Bí TPH rẹ̀ bá jẹ́ 30,000 mg/kg, ọ́ìlì inú rẹ̀ tó kìlò 168. Nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́ìlì ló jẹ́ káríbọ́ọ̀nù: kìlò 143. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń lò ni káríbọ́ọ̀nù 100 sí naitirojínì 10 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1. Nítorí náà, naitirojínì kìlò 14 lẹ ń wá. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ń yé ẹyin, tó ti gbẹ, máa ń ní naitirojínì tó bí ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Kìlò 14 pín sí 0.025 ń fúnni ní kìlò 560, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ilẹ̀ náà. Nínú àpò oúnjẹ adìyẹ tó máa ń gba nǹkan bí kìlò 20 ìgbẹ́ gbígbẹ, àpò 28 nìyẹn.

Ẹ má dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé lọ́jọ́ kan, amóníà á gbóná sókè, iyọ̀ inú rẹ̀ á pọ̀, bakitéríà tó ń jẹ ọ́ìlì á sì yà sídìí oúnjẹ tó rọrùn jù. Àpò mẹ́wàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́sàn-án tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn.

Irú ìgbẹ́ wo? Èyí tó ń jábọ́ lábẹ́ kéèjì àwọn adìyẹ ẹlẹ́yin ló lágbára jù. Èyí tí wọ́n ń kó nínú yàrá tí wọ́n tẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó sí, lẹ́búlẹ́bú ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ máa fi ìdajì kún un. Ẹ má ra èyí tó tutù lójú ẹsẹ̀ kí ẹ dà á sílẹ̀. Ẹ kó o jọ sábẹ́ páànù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa gbóná: bí ẹ bá ti irin bọ àárín òkìtì náà tí ẹ fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, irin náà á gbóná débi pé ẹ ò ní lè dì í mú pẹ́. Ooru yẹn ló ń pa kòkòrò àrùn bíi Salmonella. Nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀, tí kò ta yín nímú mọ́, ó ti ṣe tán. Ẹ ṣa ìyẹ́, ọ̀rá àti eegun inú rẹ̀ dànù.

Bí ìgbẹ́ bá wọ́n, kìlò 15 ajílẹ̀ NPK 15-15-15 lè rọ́pò nǹkan bí kìlò 90 ìgbẹ́. Ẹ fi mọ síbẹ̀. Ajílẹ̀ nìkan ò lè mú ilẹ̀ tó dì rọ̀, ìgbẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Yúríà ni ká má tiẹ̀ dárúkọ. Ìwọ̀n tó bá ṣì díẹ̀, amóníà rẹ̀ á pa ohun tí ẹ fẹ́ tọ́.

Ẹ tún máa nílò ohun tó máa jẹ́ kí ilẹ̀ fẹ́lẹ́. Èèpo ìrẹsì tàbí èèpo ẹ̀pà ló dáa, wíbáárò mẹ́fà sí méje fún bẹ́ẹ̀dì yìí. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì pọ̀ káàkiri ìlú, ọ̀fẹ́ sì ni, òun náà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: bakitéríà mìíràn á máa jẹ ẹ́, wọ́n á sì máa fa naitirojínì tí ẹ rà fún ọ́ìlì. Bí òun nìkan lẹ bá rí, ẹ lò ó ní ìdajì, ẹ fi àpò ìgbẹ́ méjì kún un.

Ní ti pH, láàárín 6 sí 8 ni kó wà. Ìgbẹ́ adìyẹ fúnra rẹ̀ máa ń gbé pH sókè díẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì ò nílò nǹkan kan. Bí àyẹ̀wò bá ní ó wà lábẹ́ 6, eérú igi láti ilé búrẹ́dì tó: kìlò 10, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wò ó. Ẹ má ṣe da eérú àti ìgbẹ́ sí i lọ́jọ́ kan náà. Eérú máa ń lé naitirojínì inú ìgbẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Òórùn gbígbóná tó máa gba imú yín yẹn, owó yín ló ń fò lọ.

Pípò, omi, yíyí

Ẹ fi díígà àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ dúdú náà, ẹ fọ́ gbogbo ògúlùtu rẹ̀ títí èyí tó tóbi jù ò fi ní ju ẹyin adìyẹ lọ. Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Inú ògúlùtu tí ẹ ò fọ́, afẹ́fẹ́ ò ní wọ ibẹ̀ títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, nọ́ọ̀tì, àkísà àti fílítà àtijọ́. Ẹ da ilẹ̀, èèpo ìrẹsì àti àpò ìgbẹ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ìpele-ìpele sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá fi ọkọ́ pò ó láti ìdí dé orí nígbà mẹ́ta.

Kí ẹ tó pò ó, ẹ bu bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ilẹ̀ dúdú náà sọ́tọ̀, láìfi nǹkan kan sí i, ẹ gbé e síbi tí òjò ò lè dé. Òun lẹ máa fi wéra lọ́jọ́ iwájú.

Ilẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì máa ń kọ omi. Ẹ bu omi lé e, á kó jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú ilẹ̀, á sì yí lọ. Ẹ má tìtorí ìyẹn bu omi púpọ̀ sí i lójú kan. Lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá ti wọ inú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi. Ẹ wọ́n ọn díẹ̀, ẹ yí i, ẹ tún wọ́n ọn, fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ilẹ̀ bá gbẹ pátápátá, bẹ́ẹ̀dì yìí lè gba lítà 500 sí 600, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ogún sí mẹ́rìnlélógún. Omi kànga tàbí òjò ló dáa. Èyí tí kòlóríìnì pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn nínú dírọ́ọ̀mù aláìdé mọ́jú.

Ọwọ́ lẹ máa fi mọ̀ bó bá tó. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan láti sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀, ẹ fún un gbọin-gbọin. Bí omi bá kán láàárín ìka yín, ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá túká nígbà tí ẹ tú ọwọ́, ó gbẹ. Èyí tó máa dì mọ́ra, tí àtẹ́lẹwọ́ á kàn tutù díẹ̀, tí á sì fọ́ nígbà tí ẹ bá fi ìka kan gún un, ìyẹn ló tọ́. Lákòókò ọyẹ́, ẹ máa wò ó lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí òkè lè gbẹ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù.

Ẹ máa yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ti yí i ní gígùn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yí i ní ìbú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má baà sí igun tí ọkọ́ ń fò. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ dúró kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ilẹ̀ rírọ̀ tí ẹ bá yí ńṣe ló máa lẹ̀ pọ̀ di amọ̀.

Ohun tó máa ń dojú rú

Òórùn ẹyin bíbàjẹ́: afẹ́fẹ́ ò dé ìdí, tàbí omi pọ̀ jù. Ẹ ṣí i, ẹ yí i lọ́jọ́ méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi èèpo ìrẹsì kún un. Òórùn tó ń ta ní imú àti ojú bí ìtọ̀ tó pẹ́: ìgbẹ́ ti pọ̀ jù tàbí kò tíì jinná tó. Ẹ yí i, ẹ sún èyí tó kù síwájú.

Bó bá ń lọ dáadáa lóṣù méjì àkọ́kọ́ tó wá dúró, ẹ má bínú sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Apá ọ́ìlì tó fúyẹ́ ni bakitéríà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Apá tó wúwo, pàápàá àwọn èròjà PAH (ìdè káríbọ́ọ̀nù àti háídírójìnì tó ṣòro fọ́) tí ooru ẹ́ńjìnnì dá sínú kọ́ńdẹ́mù, máa ń pẹ́. Díísù lè parí lóṣù mẹ́fà, kọ́ńdẹ́mù lè gbà ju ọdún kan lọ.

Olú lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Irú olú tó ń jẹ igi, bíi Pleurotus tí àwọn kan ń gbìn fún títà, máa ń tu ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ apá tó le nínú igi, ẹ́ńsáìmù yẹn kan náà sì ń fọ́ PAH. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbin olú bí wọ́n bá ní àpò lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ti kórè tán. Funfun tó bò ó bí òwú ṣì wà láàyè. Ẹ fọ́ ọ, ẹ pò ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì ní ìdá kan sí mẹ́wàá lẹ́yìn oṣù kẹrin, kí ẹ wá fi ọkọ́ sílẹ̀. Òwú funfun yẹn ò fẹ́ kí wọ́n máa já òun. Olú tó bá wá hù lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ti ọbẹ̀ o. Ẹ gé e kí ọmọ kan tó rí i.

Ẹlòmíràn á gbé ìgò bakitéríà tí wọ́n ń tà wá fún yín. Ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti ń kán sí fún ọdún púpọ̀ ti ní èyí tó mọ iṣẹ́ náà. Àjèjì inú ìgò kì í sábà pẹ́ láàárín wọn. Ọṣẹ ìfọṣọ tí àwọn kan ń dà sí i burú ju àìṣe nǹkan kan lọ. Ó máa ń tú ọ́ìlì sínú omi, omi á sì gbé e lọ sísàlẹ̀ sí kànga. Iná sísun ń sun ohun tó wà lójú ilẹ̀, ó ń fi irin sílẹ̀ nínú eérú, ó sì ń da èéfín rẹ̀ sí àdúgbò.

Omi inú kòtò, àti ojú oró

Omi tó bá jọ sínú kòtò ìdí bẹ́ẹ̀dì lè pọ̀ ju ohun tí ẹ lè wọ́n padà lọ nígbà òjò. Ẹ fi abọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ré ọ́ìlì ojú rẹ̀ kúrò, ẹ dà á padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá kó ojú oró sínú omi náà. Gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí irun ń fa òjé, síǹkì àti kádímíọ́ọ̀mù mọ́ra. Ṣùgbọ́n irin tó fà ò parẹ́. Inú rẹ̀ ló wà. Bí ojú oró bá kú sínú omi náà, gbogbo rẹ̀ lá dá padà. Ẹ máa kó ìdajì rẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sá a lórí ọ̀rá, ẹ dì í sínú àpò, kó sì bá ilẹ̀ igun bátìrì lọ. Kì í ṣe oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́.

Ẹ má gbé ojú oró lọ sínú Ọ̀ṣun tàbí odò kankan. Ojú oró ló ń lékè omi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa bo odò mọ́lẹ̀, á gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹja, ẹ̀fọn á sì fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ilé. Pípọ́n tí Ọ̀ṣun ń pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá Iléṣà kì í ṣe ohun tí ewé lè tún ṣe nígbà tí wíwà náà ò bá tíì dúró.

Ìgbà tó bá tó

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú ike mẹ́ta: ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ yà sọ́tọ̀, àti ilẹ̀ oko tó mọ́. Ẹ bu omi kan náà sí wọn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ ka iye tó hù, ẹ wọn gíga wọn, kí ẹ sì fà wọ́n tu kí ẹ wo gbòǹgbò, nítorí ẹ̀wà lè hù lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì ká jọ, kó pọ́n. Bí ti bẹ́ẹ̀dì bá ti sún mọ́ ti ilẹ̀ oko, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó náwó sí TPH kejì. Ẹ bu u bí ẹ ṣe bu ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí yàrá kan náà.

Nínú EGASPIN, 5,000 mg/kg ni ààlà TPH tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá kọjá rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe. 50 ni ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé níkẹyìn. Bí tiyín bá ṣì ga ju 5,000, ẹ máa yí i lọ. Bí ó bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, tí òjé náà ò sì ga, ẹ lè dá a padà síbi tí ẹ ti gbẹ́ ẹ, kí ẹ gbin koríko lé e. Ẹ̀fọ́, ewédú, ẹ̀gẹ́ àti ohunkóhun tí ẹnu máa jẹ ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, ẹ má sì ta á fún ẹni tó ń kún ojúlé tàbí ẹni tó ń gbin òdòdó. Ọ̀rá tí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn, kí omi ìfọ̀ náà wọ inú ilẹ̀ tí bakitéríà ti ń ṣiṣẹ́.